Eléyín Oníbàálù

Àwọ̀n ló gbé ọkọ mi wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn obìnrin mìíràn á ní ẹ̀gbọ́n àwọn ló mú un wálé, tàbí pé inú ọkọ̀ làwọn ti pàdé. Tèmi, àwọ̀n ni, àwọ̀n tí kò sì tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Mo ń ránṣọ nígbà náà nínú yàrá kan tó kọjú sí títì. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sórí abẹ́rẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ga, ọrùn rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀ bíi ti ẹni tó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀rẹ̀ wo nǹkan. Ẹfun wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó kí mi, mo kí i. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ ń ránṣọ níbí?"

"Èmi ni. Kí lẹ fẹ́ rán? Ṣòkòtò ni àbí ẹ̀wù?"

"Àwọ̀n ni."

"Àwọ̀n ẹ̀fọn?"

"Rárá o. Àwọ̀n ẹrù." Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọn ọ́n fún mi lójú afẹ́fẹ́. "Kó gùn tó báyìí, kó fẹ̀ tó báyìí. Kí ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan má ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ."

Mo wò ó lókè, mo wò ó nílẹ̀. Mo ní, "Ẹja wo lẹ fẹ́ fi mú?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ro ìbéèrè mi bí ẹni pé ìbéèrè gidi ni. Ó ní, "Kò ní mú ẹja. Àpótí ló máa dì mọ́lẹ̀, kí wọ́n má baà yọ̀ sẹ́yìn nígbà tí bàálù bá ń gbéra."

"Bàálù wo?"

"Bàálù kékeré kan tí àwa kan ń kàn."

Ẹ̀yin ẹ wò ó. Àgbàlagbà tó ti ń hewú létí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò pọ̀ lóṣù náà, mo sì gbà á. Mo fi òwú tí mo fi ń hun fìlà ọmọ ṣe é, mo hun ún dáadáa, gbogbo kókó rẹ̀ dọ́gba. Nígbà tó padà wá, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún rẹ̀, ó wò ó pẹ́ títí oníbàárà mìíràn fi wọlé tó sì jáde.

Ó ní, "Ó dáa gan-an."

Mo ní, "Ẹ ṣé."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ má bínú. Òwú yìí ti nípọn jù. Ní tiwa, íńṣì méjì ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ẹni tó ga tó mi, íńṣì méjì ni yóò ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù yẹn. Ẹ wá fi ojú ẹni yẹn wo okùn yìí. Yóò nípọn tó apá rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe fi ta kókó?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ta ló máa rí i nínú ikùn bàálù?"

"Kò sẹ́ni tó máa rí i. A máa pa á dé ni."

"Ẹ máa pa á dé?"

"A máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀ pátápátá."

"Kò sẹ́ni tó tún máa rí i láé?"

"Kò sẹ́nì kankan," ló wí, bí ẹni tó ń sọ fún mi pé oòrùn ràn.

Mo gba àwọ̀n mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ, màá pè é. Mo fẹ́ jù ú nù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ aṣọ, bó bá sì ti gba ẹ̀wù lọ́wọ́ mi, yóò kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta. Bí inú bá rí wúruwùru, yóò tú gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ fún mi. Yóò ní, "Ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ ohun tó wà lára òun." Mo rántí ìyẹn. Mo mú ìborùn ṣẹ́dà àtijọ́ kan, mo fa òwú rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gún abẹ́rẹ́ mọ́ pákó kan lẹ́sẹẹsẹ, mo sì ta kókó yí wọn ká. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbé e lọ fún un fúnra mi, torí mi ò fẹ́ kó tún wá dá mi lẹ́jọ́ lójú àwọn oníbàárà mi.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà kan ni wọ́n ti ń pàdé, ní ọ̀sán Sátidé. Yàrá gígùn kan ni, ó ń run gọ́ọ̀mù àti igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Bàálù náà wà lórí tábìlì, ó gùn ju apá àgbàlagbà lọ. Wọ́n ti là á sí méjì láti imú dé ìrù, bí ẹ̀wà tí a là lára èèpo rẹ̀, gbogbo egungun ìhà rẹ̀ sì hàn. Ẹni mẹ́rin ló yí i ká. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ni yàrá ni ọ̀kan. Tíṣà kan wà ńbẹ̀, tí kì í dákẹ́. Màmá kan wà ńbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, ó fi awò méjì sójú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń kun táyà kan tí kò ju bọ́tìnnì lọ. Ẹni kẹrin ni ọkùnrin mi, tí wọ́n ń pè ní Eléyín, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe eyín fún àwọn tí eyín wọn ti ká. Ìgbà náà ni mo mọ ìdí ẹfun abẹ́ èékánná: òun ló fi ń da àpẹẹrẹ ẹnu àwọn èèyàn.

Màmá Agbẹ̀bí gbójú sókè. "Ìwọ lo hun okùn màlúù yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, mà. Mo ti tú u. Ẹ wo èyí."

Wọ́n pagbo yí àwọ̀n náà ká.  Eléyín fi ẹ̀mú kékeré gbé e, ó tẹ́ ẹ lé àwọn àpótí tó wà nínú ikùn bàálù náà, ó sì fà á létí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọ̀n náà jókòó. Ó wò mí, kì í ṣe àwọ̀n ló wò, èmi ni. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ bàálù akẹ́rù, nígbà tí ti èrò àti ti ogun wà níbẹ̀ tó lẹ́wà jù ú lọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ní, "Ti ogun, ọmọdé ló ń wù. Ti èrò, bọ́ọ̀sì oníyẹ̀ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí, ẹnu rẹ̀ ń là, ikùn rẹ̀ sì ń gbà. Mo fẹ́ràn ohun tó bá ń gbà."

Màmá Agbẹ̀bí ní, "Èmi, ikùn nìkan ni mo mọ̀ láyé mi. Mi ò lè wá bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn lọ́jọ́ alẹ́."

Báyìí ni mo ṣe di ara wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́líìtì ìjókòó fún awakọ̀, èmi ni. Bí wọ́n bá fẹ́ tapólì tí wọ́n á fi bo àpótí, èmi ni. Tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, Eléyín á sìn mí dé ibùdókọ̀. Á máa sọ fún mi nípa bí wọ́n ṣe ń to ẹrù sínú bàálù gidi, èyí tó wúwo láàárín, èyí tó fúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi á máa gbọ́, ọkàn mi á máa sọ pé, ó ń bọ̀, tá a bá dé ìdí òpó iná yẹn, á sọ pé òun fẹ́ mi. A ó dé ìdí òpó, bọ́ọ̀sì á dé, á ní, "Ó dàárọ̀ o."

Nígbà kan òjò ká wa mọ́nà. Ó yára ṣí agboòrùn rẹ̀, ó sì fi bo páálí kékeré tó wà lọ́wọ́ mi, èyí tí àwọn bẹ́líìtì wà nínú rẹ̀. Òjò pa èmi tí mo gbé páálí náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. A dé ibùdókọ̀ kó tó gbójú sókè rí mi.  Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ, mo ń gbọ̀n, mo ń bú u nínú. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, oòrùn ń ràn ganrínganrín, agboòrùn méjì ló gbé wá. Tíṣà ní, "Eléyín, ṣé o fẹ́ máa tà á ni?" Ó fi wọ́n ti ògiri. Èmi nìkan ló mọ ẹni tó ni ìkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Agboòrùn lè tó yín lọ́sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀rù á tún máa bà yín. Mo máa ń bi ara mi pé, bí mi ò bá mọ àwọ̀n hun, ṣé ọkùnrin yìí á rí mi?

Bàbá mi, bíríkìlà ni. Ó ti kọ́ ilé tó pọ̀, kò sì sí èyí tó gbàgbé. Bó bá ń kọjá lójú ọ̀nà, á na ọwọ́, á ní, "Èmi ni mo gbé ìpìlẹ̀ èyí." Nígbà tó gbọ́ nípa Eléyín, ó pè mí sí pálọ̀. Màmá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ká aṣọ.

Bàbá mi ní, "Wọ́n ní o máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń kàn bàálù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó máa ń fò?"

"Rárá, sà. Wíwò ni wọ́n ń wò ó."

"Ó ní ìyẹ́?"

"Ó ní ìyẹ́, sà."

"Ó ní ìyẹ́, kò fò. Adìẹ nìyẹn." Ó yí ìjókòó padà. "Ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ adìẹ yìí?"

"Ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta."

"Láàárín ìgbà yẹn, mo kọ́ ilé alájà kan, wọ́n kó sínú rẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, ọmọ náà ti ń rìn. Ẹni tó lo ọdún mẹ́ta lórí adìẹ, ìgbà wo ló máa dé orí ìyàwó?"

 Ó wá sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ pè mí. Agbaṣẹ́ṣe kan tó máa ń gbé iṣẹ́ fún un ti sọ̀rọ̀ mi. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọkùnrin yẹn, èèyàn dáadáa ni. Ara rẹ̀ yá, ó lẹ́nu, á wọlé báyìí, gbogbo ilé á ti máa rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ Mọ́ńdè ló rí mi lọ́dọ̀ bàbá mi, ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló sọ pé òun fẹ́ mi.

Bàbá mi ní, "Kí oṣù yìí tó parí, mo gbọ́dọ̀ fún un lésì. Mi ò fipá mú ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba kí o jókòó de ẹni tí kò pè ọ́."

Nígbà tó jáde tán, mo bú sẹ́kún. Màmá mi kò kúrò nídìí aṣọ tó ń ká. Ó ní, "Ọmọ mi, ọkùnrin eléyín yìí, ó ti sọ̀rọ̀?"

"Rárá, mà."

"Kò tíì sọ pé òun fẹ́ ọ?"

"Kò tíì sọ ọ́."

"Ta lo wá ń bá bàbá rẹ jà fún?"

Ìyẹn ló dùn mí jù. Bàbá mi ń kọ ọkùnrin kan fún mi, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò sì tíì dìde. Mo nu ojú mi, mo wọ bàtà, mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà lọ. Sátidé ni.

Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pa ikùn bàálù dé ni. Wọ́n ní àṣà kan. Kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù sí i, gbẹ́nàgbẹ́nà á pe gbogbo ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ náà á sì dáhùn pé, "Ó wà ńbẹ̀." Torí bí wọ́n bá ti pa á dé, kò sí ṣíṣí mọ́. Wọn kì í yẹ iṣẹ́ ara wọn wò lẹ́yìn ìdáhùn yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń tì í. Bí mo ṣe ń wọlé ni wọ́n ń pè é lọ́wọ́. Mo fara ti férémù ẹnu ọ̀nà, ojú mi ti wú. Eléyín gbójú sókè, ó rí mi. Wọ́n ń pè, wọ́n ń dáhùn, òun náà ń dáhùn. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n pa á pọ̀, wọ́n fi okùn wé e yíká.

Ó bá mi jáde síta. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, nípa Agbaṣẹ́ṣe, nípa oṣù tó ń parí lọ. Ó dúró.  Ó ń fi àtàǹpàkò ha gọ́ọ̀mù kúrò lórí ìka rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti gbọ́."

Mo dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù. Mo yí padà, mo lọ sílé.

Màmá Agbẹ̀bí ló wá sílé wa ní ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ gbọ́, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé màmá yìí ló gbẹ̀bí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo bọ́ sí. Nítorí náà, bàbá mi kò lè gbóhùn sókè sí i nínú ilé ara rẹ̀. Ó fún un ní àga tó dáa jù.

Màmá ní, "Mo wá jíṣẹ́ ni."

"Ta ló rán yín, mà?"

"Eléyín. Ó wá sọ́dọ̀ mi lánàá, ó jókòó láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ó mu omi. Ó ní, 'Màmá.' Mo ní, 'Mò ń gbọ́.' Ó tún mu omi. Ó ní, 'Màmá.' Nígbà tó dìde, ó ní, 'Ẹ ṣé, Màmá.' Mo wá mọ̀ pé ó ti rán mi níṣẹ́."

Màmá mi fi aṣọ bo ẹnu. Bàbá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ kí wọ́n rí i. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹni tí kò lè rán iṣẹ́ délé, ṣé ó lè rán ọmọ lọ sílé ìwé? Ọmọ mi ń fẹ́ni tó máa bá a sọ̀rọ̀."

"Òótọ́ lo sọ. Ẹnu rẹ̀ kò dáa. Mi ò wá tà á fún ọ pé ẹnu rẹ̀ dáa. Wá wo ọwọ́ rẹ̀ ni mo wí. Ìwọ bíríkìlà, ṣé ẹnu lo fi ń yan ẹni tó máa bá ọ po sìmẹ́ńtì? Sátidé tó ń bọ̀ la máa gbé bàálù náà nàró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wá wò ó, kí o tó fún ẹnikẹ́ni lésì."

Bàbá mi ronú. Ó ní, "Màá wá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ adìẹ ni mo bá níbẹ̀, mà, ẹ má bínú sí mi."

Ọjọ́ náà pé. Èmi, bàbá mi àti màmá mi jọ lọ. Wọ́n ti gbálẹ̀ yàrá náà, wọ́n sì ti nu tábìlì. Bàálù náà dùbúlẹ̀ lórí tìmùtìmù, Màmá Agbẹ̀bí ti kùn ún ní àwọ̀ eérú, ó kun ìlà tín-ín-rín pupa kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lẹ́wà dé ibi pé bàbá mi yọ fìlà rẹ̀ láìmọ̀. Táyà ti wà ní gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ síbi ìpàtẹ kan nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé Tíṣà. Eléyín wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi, ó dìde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

Òun àti gbẹ́nàgbẹ́nà gbé bàálù náà, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ sórí tábìlì, wọ́n sì ṣíwọ́. Ó dúró. A mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ òórùn nǹkan, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó sì fi ìrù jókòó.



Bàbá mi ní, "Ó ti ń sàba."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Èmi, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Irú bàálù kékeré bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń wúwo, kò ní ẹ́ńjìnì gidi tó máa fà á síwájú. Gbogbo ẹni tó ń kàn án ló mọ̀ pé kí wọ́n tó pa á dé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi òjé sínú imú rẹ̀, irú òjé tí apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Bí wọ́n bá gbàgbé, ohun tí ẹ rí yẹn ló máa ṣe. Iṣẹ́ Eléyín sì ni òjé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pàdé, kò gbàgbé nǹkan kan rí.

Tíṣà ní, "A pe òjé. Etí mi ni mo fi gbọ́. O ní ó wà ńbẹ̀."

Eléyín ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ibo ló wà?"

Ó lọ sí ibi pẹpẹ, ó sọ aṣọ pélébé kan kalẹ̀. Òjé náà wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ní, "Eléyín, kí ló ṣe ọ́?"

 Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ọmọ yìí ló wọlé. Mo rí i pé ó ti sunkún. Mi ò mọ ohun tí wọ́n pè mọ́, mi ò sì mọ ohun tí mo fi dáhùn."

Mo gbọ́ tí màmá mi mí lẹ́yìn mi. Ẹ̀rín bàbá mi dá. Èmi tí mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ yìí bóyá ọkùnrin yìí rí mi, ìdáhùn mi jókòó lórí tábìlì, ó na imú sókè, gbogbo ayé ń wò ó.

Tíṣà ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jókòó. Ó ní, "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀pá tín-ín-rín kan tì í nídìí. Bàálù gidi náà, wọ́n máa ń fi ọ̀pá ti ìrù rẹ̀ bí wọ́n bá ń kó ẹrù. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ níbi ìpàtẹ."

Bàbá mi ní, "Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Mo ti ti ohun tó wúwo ju báyìí lọ."

Eléyín mi orí. "Mo ní ó wà ńbẹ̀. Kò sì sí ńbẹ̀."

Ó na ọwọ́ sí ayùn tó tín-ín-rín jù lọ nínú yàrá náà. Ọkùnrin tó lè wo àwọ̀n kan títí oníbàárà á fi wọlé tí á sì jáde, kò wọn nǹkan kan, kò fa ìlà kan. Ó yí ikùn bàálù náà sókè, ó gbé ayùn lé ọ̀fun rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ. Ọ̀dà eérú tí Màmá fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kùn ń bọ́ sílẹ̀ bí èépá. Tíṣà kọjú sí ògiri. Màmá Agbẹ̀bí yọ awò méjèèjì, ó ní, "Mo ti rí ju èyí lọ," ó sì tún wọ̀ wọ́n padà láti wòran.

Bàbá mi nìkan ni mò ń wò. Mo mọ ojú yẹn. Ó ti bá àwọn tó máa ń fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ògiri tó ti sán ṣiṣẹ́, kí onílé má baà rí i, ó sì ti bá wọn jà. Ó sún mọ́ tábìlì.

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kí o tó tún un ṣe?"

"Ó lè tó oṣù mẹ́ta, sà."

"Ìpàtẹ ńkọ́?"

"A máa dúró de èyí tó ń bọ̀."

"Kí ni mo wá máa sọ fún Agbaṣẹ́ṣe?"

Ayùn dúró. Eléyín gbójú sókè, eruku igi kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, sà. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́. Mo kàn rò pé kí n kọ́kọ́ parí."

"Kí o parí kí ni?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mo ṣáà rò pé kí n parí."

Bàbá mi kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? O gbọ́ ohun tó wí."

Mo ti to ọ̀rọ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ tó ní "Mo ti gbọ́." Mo ti pinnu pé bó bá wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, èmi náà á ní mo ti gbọ́, màá sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa wò. Ṣùgbọ́n ayùn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀. Mi ò rí kí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ yẹn rí.

Mo ní, "Ẹ fi òjé yẹn sí i ná. Mi ò níbi tí mò ń lọ."

Ojú Eléyín kò yẹ̀ lára mi, kò sì gbé ayùn náà. Bàbá mi fa àpótí kan, ó jókòó. Ó ní, "Ẹ wá àga fún ìyá rẹ̀. Ó jọ pé a máa pẹ́ níbí."

Bàbá mi lọ sọ fún Agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà kò bínú, kí ọdún tó yí po ó ti fẹ́ ẹlòmíràn. Mo sọ fún yín pé ara rẹ̀ yá.

Àwa náà ṣe ìgbéyàwó, nígbà tó yá. Mi ò ní sọ fún yín pé ó rọrùn. Bí mo bá ní kó kan ìlẹ̀kùn ilé ìdáná, ìlẹ̀kùn náà á dára ju ti ilé olówó lọ, ṣùgbọ́n mo ti máa fi aṣọ ta ẹnu ọ̀nà títí ọmọ inú mi á fi di ẹni tó ń fà á já. Bí a bá jà, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó rí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tó fẹ́ sọ, èmi á sì ti gbàgbé ohun tí a jà lé lórí. Àwọn ọmọ mi máa ń ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe ń fara dà á?" Mo ní kí wọ́n lọ bi bàbá àgbà wọn. Bàbá mi sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìwé oníyanrìn ha ìyẹ́ bàálù kejì, ó ń bá Tíṣà jà.

Nígbà tí àìsàn dé sí Eléyín, àwọn ọmọ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n múra, ọkọ mi kò ní rí òjò ọdún tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọdé ni, kò mọ ẹni tó ń wí. Òjò náà dé, ọkọ mi wà lójú fèrèsé tó ń wò ó. Òmíràn tún dé lẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀, màá ràn án lọ́wọ́ jókòó, á mu tíì títí tíì á fi tutù, màá ní, "Ẹ mu ún tán kí n lè fọ ife," á ní, "Mò ń bọ̀." Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ì bá wà láyé, ǹ bá sọ fún un pé, nínú gbogbo ibi tí ọkùnrin yìí ti pẹ́ láyé, ọ̀dọ̀ mi ló ti pẹ́ jù.